Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, Baba Àwọn Olùkọ́

Ó tọ́ kí a máa rántí àwọn ẹni ńlá tí ó ti kọjá lọ, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò bá wọn lọ. Ẹni tí a mú wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Alímọ̀ṣọ́, síbẹ̀ kò sí olùkọ́ kan tí ń kọ́ ọmọ wa ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgandò tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́.

A bí Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1891. Baba rẹ̀ ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ẹni tí orin Ìjọ rẹ̀ gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kan. Nígbà tí a dá Abeokuta Grammar School sílẹ̀ ní 1908, ó wà nínú àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ wọlé. Ó lọ sí Fourah Bay College ní Sàró, ó gba oyè B.A., ó sì padà wá kọ́ni ní C.M.S. Grammar School, Èkó. Ní 1919 ó di ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School. Ní 1932 ó padà sí Abẹ́òkúta láti ṣe olórí ilé-ìwé tí ó tọ́ ọ dàgbà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1954.

Òṣìkà kọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í fi ìwà ìbàjẹ́ ṣeré. Àwọn ọmọ tirẹ̀ gan-an jókòó sí kíláàsì rẹ̀, pàṣán kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ìgbà náà, owó olùkọ́ ilé-ìwé Ìjọ kò tó ti olùkọ́ ilé-ìwé Ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní 1926 ó kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú jọ. Ní 1931 àwọn olùkọ́ Èkó àti ti Ìjẹ̀bú para pọ̀ di Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, N.U.T., òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ó di ipò yìí mú fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot tí a yàn ní 1943, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣínà fún Yunifásítì Ìbàdàn ní 1948.

Ní oṣù kìíní 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìlú wa wà lábẹ́ rẹ̀ títí di 1967, sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún náà, Baba sùn.

Ẹ̀yin ará ilé, bí olùkọ́ àjèjì bá dé àárín wa, ẹ má jẹ́ kí ó wá ilé títí kí ó sú u. Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, bí ẹni tí ó kọ́ yín ní A, B, D bá wà láàyè, ẹ fi ìwé àti ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Báyìí ni a ó fi san gbèsè náà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí olùkọ́ rere wọ́n ní ilẹ̀ wa. Àmín.