Fẹlá Ṣówándé, Atẹdùùrù Tó Fi Ohùn Orin Wa Sínú Dùùrù

Nígbà tí a kọ́kọ́ dárúkọ Fẹlá Ṣówándé fún àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa ní Ketu níbí, Fẹlá Aníkúlápó ni wọ́n rò pé à ń wí. Ẹ̀rín pa wá. Kì í ṣe òun o. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní kí a kọ ìtàn bàbá yìí sínú ìwé àjọ̀dún wa.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1905. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà àti olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, òun náà sì fẹ́ràn orin ìjọ púpọ̀. Ọmọdé ni Fẹlá wà tí wọ́n fi kó wá sí Èkó. Ó lọ sí CMS Grammar School àti King's College, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní Kàtídírà tó wà ní Marina. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ketu lọ sí CMS lónìí kò lè ṣàì rí ilé ìsìn ńlá náà.

T. K. Ekúndayọ̀ Phillips ni olórí akọrin níbẹ̀ láti 1914 títí di 1962, ọwọ́ rẹ̀ sì ni Fẹlá ti kọ́ dùùrù. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dun Phillips lọ́kàn: àwọn Òyìnbó fún wa ní ohùn orin wọn, a wá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Èdè wa sì nìyí, bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí. Ọkọ́ tí a fi ń roko lè di ọkọ̀ tí à ń wọ̀, kí ìjọ máa kọ ọ́ tọkàntọkàn láì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Phillips kọ àwọn orin tí ohùn wọn bá ọ̀rọ̀ mu, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ohun tí Fẹlá rí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn.

Ní 1925 tí Mósè Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá Ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, ọmọ ogún ọdún ni Fẹlá. A mọ bí àwọn kan ṣe fi àwọn bàbá wa ṣẹ̀sín nítorí ìlù àti àtẹ́wọ́ nínú ìsìn. Ó dùn mọ́ wa pé nínú Kàtídírà tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn, ọmọkùnrin kan wà tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohùn kan náà.

Ká má purọ́, Fẹlá kò fi ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ṣe. Ó ń bá àwọn eléré ijó ṣeré l'Ékòó, ó sì ń gbọ́ orin Duke Ellington lórí rédíò. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló tìtorí rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n orin gbà á mọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ní 1936, òun ló tẹ pianó nígbà tí wọ́n ṣe Rhapsody in Blue ti Gershwin níbẹ̀. Ní 1943 ó gba oyè FRCO, oyè ńlá tí àwọn atẹdùùrù Òyìnbó pàápàá ń làágùn kí wọ́n tó gbà. Láti 1945 sí 1952 òun ni atẹdùùrù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Ọmọ Ọ̀yọ́ ló ń darí orin fún Òyìnbó láti Ọjọ́ Ìsinmi dé Ọjọ́ Ìsinmi!

Ní 1944 ló kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Ó yá ohùn orin Ephraim Amu ti Gánà sínú rẹ̀, ó sì fi orin ijó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà parí rẹ̀, èyí tó pè ní Akinla. Rédíò Kánádà fi Akinla ṣí ètò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó padà wálé ní 1953 láti máa bójú tó orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ní àsìkò yìí ni àwọn iṣẹ́ tó kan àwa gan-an jáde: Ọbáńgíjì ní 1955, Ọ̀yígíyigì ní 1958, àti Jésù Olùgbàlà. Dùùrù nìkan ni, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ohùn tó wà nínú rẹ̀. Folk Symphony ni ó kọ fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960.

Ó tún ń wá àwọn àgbà babaláwo kiri, ó ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu wọn fún rédíò, ó sì kọ̀wé lórí Ifá. Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ ká mẹ́nu ba ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n a kò lè kọ ìtàn ènìyàn kí a fa ojú ìwé kan ya. Àwa kò bá a lọ síbẹ̀. Orin ìyìn rẹ̀ la gbà.

Lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1968, ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State. Ìlú Ravenna, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló kú sí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1987, ọ̀nà jíjìn réré sí Ọ̀yọ́.

Atẹdùùrù wa ti ń fi Jésù Olùgbàlà dánra wò láti ìgbà díẹ̀ wá. Kííbọọ̀dù la ní, kì í ṣe dùùrù onípáìpù bíi ti Marina, ṣùgbọ́n yóò tẹ̀ ẹ́ kí ìsìn ìdúpẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé.