Mùhámmádù Shitta-Bey: Oníṣòwò Tí Owó Rẹ̀ Kò Bá A Wọ Sàréè

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé Zaria ni ó mọ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Òpópónà Martins ní Èkó. Àwọn tí wọ́n máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ rajà nínú wa ti kírun níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́ ọ ti ṣe àtìpó ní Òkè Ọya bí tiwa, tí ó sì ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Ọdún 1824 ni a bí Mùhámmádù Shitta ní Waterloo, ní ilẹ̀ Sàró. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Sàró nígbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ènìyàn wa sọ̀ tí wọ́n bá gbà wọ́n lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Ní 1831, ìdílé Shitta kó lọ sí Fourah Bay, níbi tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kó ara wọn jọ sí. Ara kò rọ̀ wọ́n níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ràn ẹ̀sìn wọn, àní ní 1839, wọ́n wó mọ́ṣáláṣí kan lulẹ̀ ní Foulah Town, ní ìtòsí wọn. Ọmọ ọdún 15 ni Mùhámmádù lọ́dún náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1844, ìdílé náà padà sí ilẹ̀ baba wọn, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Salu, baba Mùhámmádù, ni ó di lèmọ́mù àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1849. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Mùhámmádù àti ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Èkó, ó sì gbájú mọ́ òwò. Ó ta obì, ó ta awọ ẹran, ó ta oje igi tí àwọn Òyìnbó ń rà, ó sì ta aṣọ. William ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é nídìí òwò, àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ ní Olówó Pupa.

Ní nǹkan bí ọdún 1864, ó gbé òwò rẹ̀ gba Odò Ọya gòkè lọ sí ilẹ̀ Tápà. Níbẹ̀ ni ó ti di ẹni tí Masaba, ọba Bídá, fọkàn tán. Àwa tí a ń tajà lẹ́yìn odi mọ ìtumọ̀ èyí. Ẹ̀sìn kan náà lè mú kí wọ́n fún àlejò ní ibi ìjókòó, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ó pé àti àdéhùn tí kò yẹ̀ ni ó ń mú kí àlejò pẹ́ lórí ìjókòó náà. Masaba kú ní 1873, òwò Shitta kò sì torí ìyẹn parẹ́. Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Royal Niger Company ní ìwé àṣẹ lórí Odò Ọya, ọ̀pọ̀ oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ni ilé-iṣẹ́ náà sì tì kúrò nídìí òwò odò. Èkó ni Shitta padà sí ní ìgbẹ̀yìn, pẹ̀lú ọrọ̀ tí ó ti kó jọ.

Kí ni ó wá fi ọrọ̀ náà ṣe? Ní 1891, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mọ́ṣáláṣí kan lórí àpò rẹ̀. João Baptista da Costa, Àgùdà tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ dunjú, ni ó gbé iṣẹ́ náà fún. Ọjọ́ kẹrin oṣù Júláì 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Blyden tí í ṣe ọmọ Kìrìsìtẹ́nì. Láti Liverpool ni Abdullah Quilliam, Òyìnbó tí ó gba Ìsìláámù, ti wá ṣojú Súltánì Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Túrúkì. Ó mú àmì ẹ̀yẹ Medjidie wá fún Shitta pẹ̀lú oyè Bey, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ mọ́ orúkọ wọn títí di òní. Ọmọ àwọn tí wọ́n wó mọ́ṣáláṣí mọ́ lójú ní Sàró ni gómìnà Gẹ̀ẹ́sì wá bá ṣí mọ́ṣáláṣí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan àwa olùkọ́ ilé kéú. Nínú iṣẹ́ tí Súltánì rán ni ìmọ̀ràn wà pé kí àwọn Mùsùlùmí Èkó má ṣe sá fún ìmọ̀ ìwé. Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ nígbà náà nítorí pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nárì ni ilé-ìwé wà. Ní 1896, ìjọba dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Shitta-Bey kò rí ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹrin oṣù Júláì 1895 ni ó jẹ́ ìpè Ọlọ́hun, ọdún kan géérégé lẹ́yìn tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀.

Ọdún kan péré ni ó fi rí i lò. Àwọn ènìyàn ti ń kírun níbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 100 ọdún láti ìgbà náà, ìjọba Nàìjíríà sì sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní 2013. Àwọn àlùfáà wa máa ń pe irú èyí ní sàdákátù járíyà, sàráà tí èrè rẹ̀ kì í dá.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Zaria, ní nǹkan bí ọdún 1911, Ọlọ́hun ti ṣí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ìdílé wa. Ilé tí a kọ́ sílé dára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni a kì í ṣí àfi ní ọdún Iléyá, nígbà tí òjò ń bá àwọn ọmọ wa lórí wàláà níhìn-ín. Ẹni tí kò ní tó Shitta-Bey lè ra páànù mẹ́wàá. Ẹni tí kò ní tó ìyẹn lè san owó ilé-ìwé ọmọ òrukàn kan. Ohun tí a bá ṣe nígbà tí a wà láàyè ni tiwa.

Ọlọ́hun kí ó kẹ́ Mùhámmádù Shitta-Bey, kí ó fi Àlùjánnà ta á lọ́rẹ, kí ó sì má jẹ́ kí a kó ọrọ̀ jọ fún ìparun. Àmín.