Albrecht Kossel (1853–1927): Ẹni tí ó Tú Kókó Sẹ́ẹ̀lì Wò

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ Albrecht Kossel rí. Ìlú Rostock ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí i ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1853. Láti ìgbà èwe ni ó ti fẹ́ràn ìmọ̀ ewéko àti kẹ́mísìrì. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ìwádìí ni ó yàn láàyò, ó sì di ọmọ iṣẹ́ Hoppe-Seyler ní Strasbourg.

Ní ọdún 1869, Friedrich Miescher, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti rí ohun kan fà yọ nínú kókó sẹ́ẹ̀lì, ó sì sọ ọ́ ní nuclein. Kossel pinnu láti tú nuclein yìí palẹ̀. Ní ọdún 1884, ó mú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ kan tí ó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kò ní kókó, ti ẹyẹ ní in. Áásìdì ni ó fi yọ purotéènì kan jáde níbẹ̀, ó sì pè é ní histone. Lẹ́yìn èyí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ adenine, thymine àti cytosine, tí ó wà lára èròjà DNA. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Marburg ní 1895 àti ní Heidelberg ní 1901. Wọ́n fi Ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn dá a lọ́lá ní 1910. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù keje, ọdún 1927.

Nígbà tí Avery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1944 pé DNA ni ó ń gbé àjogúnbá, ọ̀pọ̀ onímọ̀ fojú tín-ín-rín histone. Wọ́n ní kò ju ohun tí a fi di ẹrù lọ. Àṣìṣe ni. DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣoṣo tó nǹkan bí mítà 2. Ara histone ni ó wé mọ́, bí òwú ti í wé mọ́ ìranwú. Ní 1964, Allfrey fi hàn pé àmì tí ó bá wà lára histone lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo àjogúnbá rẹ̀.

Lónìí, kò di dandan kí a pa ẹran tàbí ẹyẹ kí a tó rí histone. A ń fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú bakitéríà, bakitéríà yóò sì ṣe é lọ́pọ̀ yanturu láìní àmì kankan lára. Irú histone bẹ́ẹ̀ ni Luger, Richmond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lò ní 1997 láti ya àwòrán bí DNA ti wé mọ́ ọn. Òun náà ni àwọn oníwádìí fi ń dán oògùn wò.

Ní 2006, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí vorinostat fún irú jẹjẹrẹ kan tí ń hàn lára awọ. Ó ń dí àwọn tí ń yọ àmì kúrò lára histone lọ́wọ́. Ọdún 122 ni ó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ náà àti oògùn yìí. Kí ẹni tí ń béèrè èrè ìwádìí kí ilẹ̀ tó ṣú rántí Kossel.