Walter Greg: Ọ̀mọ̀wé tó fi bébà tú àṣírí irọ́ inú ìwé Shakespeare

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tí Walter Wilson Greg tú àṣírí rẹ̀ ju ti ogún ọdún lọ. Ọdún 289 gbáko ló fi wà lára àwọn ìwé eré William Shakespeare, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà á, tí wọ́n sì ń gbà á gbọ́. Nígbà tí àṣírí náà yóò tú, kò sí ẹlẹ́rìí alààyè kankan mọ́. Bébà tí wọ́n tẹ ìwé náà sí ló jẹ́rìí.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, ọdún 1875 ni wọ́n bí Greg ní Wimbledon, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ni bàbá rẹ̀, William Rathbone Greg. James Wilson tó dá ìwé ìròyìn The Economist sílẹ̀ ní ọdún 1843 ló bí ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni Greg nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìrètí àwọn ẹbí ni pé bó bá dàgbà, òun ni yóò di olótùú ìwé ìròyìn ìdílé náà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọkàn rẹ̀ fà sí. Ní Trinity College, Cambridge, ó pàdé Ronald McKerrow, àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí àwọn eré àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1900, Greg tẹ ìwé kan jáde tó to orúkọ àwọn eré náà lẹ́sẹẹsẹ. Kò tíì ju ẹni ọdún 25 lọ nígbà náà.

Ìṣòro ńlá kan wà nídìí iṣẹ́ yìí. Shakespeare kú ní ọdún 1616, kò sì sí ìwé àfọwọ́kọ kankan tó ṣẹ́kù nínú àwọn eré tí wọ́n tẹ̀ jáde lórúkọ rẹ̀ láyé ìgbà náà. Ìwé títẹ̀ nìkan ló kù. Atẹ̀wé a máa fo ọ̀rọ̀, a sì máa ṣi ọ̀rọ̀ kà. Ẹni tó bá tún ìwé náà tẹ̀ yóò fi àṣìṣe tirẹ̀ kún ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òǹkọ̀wé kọ gan-an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìtẹ̀jáde tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Bí ọdún tó wà lára ìwé bá jẹ́ irọ́, ohun gbogbo tí wọ́n bá kọ́ lé e lórí yóò wó.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ìtẹ̀jáde méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti The Merchant of Venice ló ní ọdún 1600 lára. Bákan náà ni ti A Midsummer Night's Dream. King Lear náà ní méjì tó ń jẹ́ ti 1608. Ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò? Alfred Pollard, òṣìṣẹ́ British Museum, ti ṣàkíyèsí pé àwọn ìwé mẹ́sàn-án kan sábà máa ń wà pọ̀ nínú ìdìpọ̀ àtijọ́ kan náà. Ọdún 1600 wà lára àwọn kan, 1608 lára àwọn mìíràn, 1619 sì wà lára àwọn kan. Èrò Pollard ni pé ọjà tí kò tà ni wọ́n kó jọ tí wọ́n sì dì pọ̀.

Àlàyé yìí kò tẹ́ Greg lọ́rùn. Bébà ayé ìgbà náà ní àmì tí àwọn tó ṣe é fi sínú rẹ̀, èyí tí ojú kì í rí dáadáa àfi bí wọ́n bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Greg yẹ àwọn àmì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé àdàlù bébà kan náà ló wà nínú àwọn ìwé tí ọdún wọn jìnnà síra. Kò bọ́gbọ́n mu pé atẹ̀wé kan yóò tọ́jú irú àdàlù bẹ́ẹ̀ fún ọdún 19, kó máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1908, ó kéde èsì ìwádìí rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà The Library: ọdún 1619 ni wọ́n tẹ gbogbo wọn, nílé ìtẹ̀wé William Jaggard, fún òǹtàwé kan tó ń jẹ́ Thomas Pavier. Irọ́ ni 1600 àti 1608 tó wà lára wọn. Kódà, wọ́n fi orúkọ Shakespeare sí Sir John Oldcastle, eré tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé àṣẹ tó jáde láàfin lóṣù karùn-ún ọdún 1619, pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ eré ẹgbẹ́ òṣèré ọba láìgba ìyọ̀ǹda wọn, ló fa ìwà màgòmágó náà.

Ọ̀pọ̀ ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n ní ọdún 1910, William Neidig ní Amẹ́ríkà ya àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́ àwọn ìwé náà, ó gbé wọn léra, ó sì fi hàn pé àwọn lẹ́tà kan kò kúrò lójú kan láti orí ìwé kan dé òmíràn. Àríyànjiyàn parí. Láti ìgbà náà ni àwọn olótùú ti mọ ìtẹ̀jáde tí wọ́n lè gbé iṣẹ́ wọn lé.

Greg jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé Trinity College láti 1907 títí di 1913, ọdún tó gbé Elizabeth Gaskell Greg, ìbátan rẹ̀, níyàwó. Lẹ́yìn náà, ohun ìní ìdílé ló fi ń gbọ́ bùkátà, iṣẹ́ ìwé ló sì gba gbogbo àkókò rẹ̀. Títí di 1939, òun ni olótùú àgbà fún Malone Society, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906 láti tún àwọn eré àtijọ́ tẹ̀ bí wọ́n ṣe wà gan-an. Lábẹ́ ẹgbẹ́ yìí ló ṣe olótùú The Book of Sir Thomas More ní 1911, tó sì fi lẹ́tà A, B, C, D àti E pe ìkọ̀wé àwọn tó lọ́wọ́ sí àtúnṣe rẹ̀. Ní 1923, Greg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé kan jáde láti fi hàn pé D yẹn, tó kọ ojú ewé mẹ́ta, Shakespeare ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ẹni ọdún 74 ni nígbà tó tún gbé òfin mìíràn kalẹ̀. McKerrow, tó kú ní 1940, ti kọ́ni pé bí olótùú bá rí i pé òǹkọ̀wé tún ìtẹ̀jáde kan ṣe, kó gba gbogbo àtúnṣe inú rẹ̀ pọ̀, àfi èyí tó bá jẹ́ àṣìṣe gbangba. Greg bọ̀wọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní kí olótùú tẹ̀lé ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ nínú sípẹ́lì àti àmì, nítorí ó sún mọ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé jù lọ; ní ti ọ̀rọ̀ gan-an, kó yẹ àyípadà kọ̀ọ̀kan wò, kó sì fi làákàyè ṣe ìdájọ́. Fredson Bowers àti àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mìíràn lo ìlànà yìí fún ìwé àwọn òǹkọ̀wé tiwọn. Ní 1950, wọ́n fi oyè Sir dá Greg lọ́lá.

Láàárín gbogbo èyí, kò gbàgbé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ́. Ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé ńlá tó ṣe lórí gbogbo eré tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1660 jáde ní 1939. Ìkẹrin, tó kẹ́yìn, jáde ní 1959. Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, ọdún 1959 náà ni Greg dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún 83. Kò jókòó sórí àga olótùú tí ìdílé rẹ̀ tọ́jú dè é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ìwé Shakespeare lónìí, yálà ọmọ ilé ìwé tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n, ń jẹ nínú oko tí Greg ro.