Elizabeth Fry: Abẹ́rẹ́ àti Òwú Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ibi Kíkà: Ìṣe Àwọn Aposteli 9:36–42

Kókó Ẹ̀kọ́: Ẹ̀bùn tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe lè gbé ọkàn ẹni tí ó gbà á dìde. Bí a bá sì kọ́ ẹni náà ní iṣẹ́ ọwọ́ wa, òun pàápàá yóò di olùfúnni.

Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́SỌ

Ẹ̀yin ará, Bíbélì kò sọ iye owó tàbí ilẹ̀ tí Dọkasi ti Joppa fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú. Ohun tí a sọ fún wa ni pé àwọn opó dúró, wọ́n ń sọkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí ó rán fún wọn nígbà ayé rẹ̀ han Peteru. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń gbé ìtàn obìnrin mìíràn yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé ẹ̀bùn tí a fi ọwọ́ rán tàbí tí a fi ọwọ́ hun kò tó nǹkan. Bí ọmọ tuntun bá dé sí ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ wa, ojú lè máa tì wá láti gbé fìlà òtútù àti ìbọ̀sẹ̀ tí a hun fúnra wa lọ, nítorí a mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò gbé ti ilé ìtajà wá nínú páálí dídán. Ọmọ olówó ni Elizabeth Fry. Ó lè ra aṣọ kí ó fi ránṣẹ́ kí ó sì jókòó sí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni ó mú lọ́wọ́, ẹ ó sì rí ibi tí abẹ́rẹ́ náà gbé e dé.

1. ỌMỌ OLÓWÓ NÍ NORWICH

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, ọdún 1780, ni a bí Elizabeth ní ìlú Norwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé Gurney ni ó ti wá, ìdílé oníbáńkì tí gbogbo agbègbè náà mọ̀. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni tí a ń pè ní Quaker. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1792, nígbà tí Elizabeth jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọmọ kéékèèké sílẹ̀.

Ní ọdún 1798, oníwàásù kan láti Amẹ́ríkà, William Savery, wá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wọn ní Norwich. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀dọ́mọbìnrin yìí lọ́kàn ṣinṣin. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ tálákà jọ sí ilé baba rẹ̀ láti kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ní ọdún 1800 ó fẹ́ Joseph Fry, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ 11 ni ó bí fún un. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé obìnrin tí kò ní wàhálà ilé ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

2. Ẹ̀WÙ FÚN ÀWỌN ỌMỌ JÒJÒLÓ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1813, nígbà tí òtútù mú gidigidi, Stephen Grellet, oníwàásù Quaker kan tí a bí ní ilẹ̀ Faransé, lọ wo ìhà ti àwọn obìnrin nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rí àwọn ọmọ jòjòló tí wọ́n fẹ́rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Elizabeth, ó sì ròyìn ohun tí ó rí.

Elizabeth kò sun iṣẹ́ náà síwájú. Ó ní kí a ra aṣọ olówùú wá, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin jọ, wọ́n sì jókòó ti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀wù ọmọ jòjòló ni wọ́n ń rán. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, òun àti Anna Buxton gbé e lọ sí Newgate. Àwọn alákòóso ibẹ̀ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe wọlé, nítorí àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà le, ṣùgbọ́n wọ́n wọlé.

Nǹkan bí obìnrin 300 ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, nínú àwọn yàrá tí kò gbà wọ́n. Àwọn tí a ti dá lẹ́bi àti àwọn tí a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn wà pọ̀. Orí ilẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ń sùn sí. Ibi tí wọ́n ń sùn náà ni wọ́n ti ń se oúnjẹ tí wọ́n sì ń fọ aṣọ. Ohun kan tí wọ́n rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wọn: obìnrin méjì ń bọ́ aṣọ kúrò lára ọmọ tí ó ti kú, kí wọ́n lè fi wọ èyí tí ó wà láàyè.

Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ ro èyí wò. Ẹ̀wù kékeré kan, tí ẹ̀yin tí ẹ mọ abẹ́rẹ́ lò lè rán tán láàárín ọjọ́ kan, ni ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní ibẹ̀. Elizabeth àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn wọ àwọn ọmọ náà láṣọ. Wọ́n tún padà wá pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí ó mọ́ fún àwọn aláìsàn láti sùn lé. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n kúnlẹ̀ gbàdúrà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn.

3. Ọwọ́ TÍ Ń GBÀ DI ỌWỌ́ TÍ Ń ṢE

Ó fẹ́rẹ̀ tó ọdún mẹ́rin kí Elizabeth tó lè padà sí iṣẹ́ náà. Láàárín àkókò yìí ó bímọ sí i, ó ṣàìsàn, ọmọbìnrin rẹ̀ kan tí a fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè sì kú ní ọdún 1815, kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí ó tún wọ Newgate, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni ó kọ́kọ́ bá àwọn ìyá wọn sọ, bí ìyá ti ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti dá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ni ó yan olùkọ́ láàárín ara wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Connor, tí a sọ sẹ́wọ̀n nítorí aago tí ó jí.

Láìpẹ́, àwọn àgbà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́ àwọn náà ní nǹkan. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1817, Elizabeth àti àwọn obìnrin mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn obìnrin tí ó wà ní Newgate. Rírán aṣọ àti híhun ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ asán ni. Wọ́n ní àwọn obìnrin wọ̀nyí yóò jí aṣọ àti òwú náà ni. Elizabeth kó gbogbo wọn jọ, ó ka òfin iṣẹ́ náà sí etí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè bóyá wọ́n gbà. Òfin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n na ọwọ́ sí. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní alábòójútó tirẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n.

Ó ku ibi tí wọn yóò ti rí ẹni tí yóò ra iṣẹ́ wọn. Elizabeth tọ àwọn oníṣòwò kan lọ, àwọn tí ń ta aṣọ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Australia, níbi tí ìjọba ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ. Ó sọ fún wọn láìfi bò pé òun fẹ́ gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn fún àwọn obìnrin Newgate, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀. Nígbà tí a pè é síwájú ìgbìmọ̀ kan ti Ilé Aṣòfin ní ọdún 1818, ó jẹ́rìí pé láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, àwọn obìnrin náà ti rán aṣọ tí iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ tó 20,000.

4. ÀPÒ ÈGÉ AṢỌ

Ní ọdún 1818 kan náà, a fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Maria kó obìnrin 128 lọ sí Australia. Ìrìn-àjò oṣù mélòó kan ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní rí ilé mọ́. Ṣáájú ìgbà yìí, inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí kò ní òrùlé ni a ti ń kó irú wọn gba ìgboro kọjá pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, tí àwọn èrò ń ṣe ẹlẹ́yà wọn. Elizabeth bẹ̀bẹ̀ títí a fi gbà kí wọ́n gun èyí tí ó ní òrùlé, òun náà sì bá wọn lọ sí etí omi.

Nígbà tí ó dé inú ọkọ̀, ó rí i pé wọn kò ní iṣẹ́ kankan tí wọn yóò máa ṣe lójú omi. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tọrọ ègé aṣọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò aṣọ. Ègé tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ni wọ́n fi fún àwọn obìnrin náà kí wọ́n máa rán an pọ̀ di aṣọ ìbora. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Brasil, wọ́n lè tà á níbẹ̀, kí wọ́n lè ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ bí wọ́n bá dé ilẹ̀ àjèjì.

Nígbà tí ó yá, obìnrin kọ̀ọ̀kan ń gba àpò kan. Bíbélì wà nínú rẹ̀, àti aṣọ ìborí iṣẹ́ tí a ń so mọ́ iwájú, abẹ́rẹ́ 100, òwú oríṣiríṣi àwọ̀, àlùmọ́gàjí, àti ègé aṣọ tí ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ tó kílò kan. Títí di ọdún 1843, iṣẹ́ yìí dé inú ọkọ̀ 106, ó sì kan nǹkan bí obìnrin 12,000.

5. ÌDÁNWÒ TIRẸ̀

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó yọrí sí rere. Ní ọdún 1818, Elizabeth sa gbogbo ipá rẹ̀ kí a má bàa pa Harriet Skelton, obìnrin tí a dá lẹ́bi ikú nítorí owó báńkì ayédèrú. A so ó kọ́. Àwọn ènìyàn tún ń dá Elizabeth lẹ́bi pé ó fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ ń ṣe ìtọ́jú ọmọ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún.

Ní ọdún 1828, báńkì ọkọ rẹ̀ wó. Ìjọ Quaker yọ Joseph kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí gbèsè yìí. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ kiri pé owó àwọn onígbèsè ni Elizabeth ń ná sórí àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ìdílé náà kó kúrò nínú ilé ńlá wọn. Ẹni tí ó ti ń fi fún àwọn ẹlòmíràn di ẹni tí àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ràn lọ́wọ́. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Owó lè tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ohun tí ọwọ́ mọ̀ ṣì wà.

6. ÀWỌN ẸLẸ́WỌ̀N FÚN UN NÍ Ẹ̀BÙN

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1841, ọkọ̀ Rajah gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú obìnrin 180. Ó dé Hobart, ní erékùṣù tí a ń pè ní Tasmania nísinsìnyí, ní oṣù Keje. Lójú omi, àwọn kan nínú wọn rán aṣọ ìbora ńlá kan, tí òró àti ìbú rẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Ègé aṣọ 2,815 ni wọ́n fi rán an. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí etí rẹ̀ pé ẹ̀bùn ọpẹ́ ni, fún àwọn obìnrin ìgbìmọ̀ tí ó fún wọn ní ohun èlò iṣẹ́ náà. Wọn kò tà á; wọ́n fi tọrẹ.

Aṣọ náà padà sí ilẹ̀ Britain. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀, títí a fi rí i ní Scotland ní ọdún 1987. Ní ọdún 1989 a dá a padà sí Australia, ó sì wà nínú ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ti orílẹ̀-èdè náà ní Canberra.

Elizabeth Fry kú ní Ramsgate ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, ọdún 1845. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ kàn wá níhìn-ín pẹ̀lú. Ilé Richenda, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ní Lowestoft, ni Anna Hinderer gbé nígbà èwe rẹ̀. Anna yìí kan náà ni ó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1853, tí ó kó àwọn ọmọ wa jọ ní Kúdẹtì tí ó ń kọ́ wọn.

7. Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ènìyàn ni aṣọ. Ní Newgate, ènìyàn di aṣọ fún ènìyàn ní tòótọ́. Kíyè sí ohun mẹ́ta.

Èkíní, ẹ̀bùn ọwọ́ ń gba àkókò wa, ẹni tí ó gbà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá hun súwẹ́tà fún ọmọ ọmọ rẹ, orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lọ́kàn rẹ ní gbogbo ìgbà tí o bá ń ka ojú òwú.

Èkejì, má ṣe fojú kéré ohun díẹ̀. Ègé tí télọ̀ gbá jùnù sí ìta ni àwọn obìnrin Rajah kó jọ.

Ẹ̀kẹta, má ṣe fi ẹ̀bùn dá ẹnikẹ́ni dúró sí ipò alágbe. Fún opó àdúgbò rẹ ní aṣọ. Bí ó bá fẹ́, fún un ní abẹ́rẹ́ pẹ̀lú, kí o sì jókòó tì í. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò rán nǹkan wá fún ọ. Ní ọjọ́ náà, gbà á pẹ̀lú ọpẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀wù tí a rán ní ọdún 1813 àti iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1817? Èwo ni ó ṣòro jù láti ṣe?
2. Kí ni ìdí tí àwọn obìnrin Rajah fi fi aṣọ ìbora náà tọrọ dípò kí wọ́n tà á?
3. Àwọn ènìyàn sọ pé Elizabeth fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Báwo ni a ṣe lè ṣe ìtọ́jú ará ìta kí ilé wa má sì bàjẹ́?
4. Ta ni ẹ̀yin lè rán tàbí hun nǹkan fún kí oṣù yìí tó parí? Ta ni ẹ lè kọ́?