Ìyáàfin Anna Hinderer àti Oúnjẹ Ilé Ìjọ Kúdẹtì

Ọ̀pọ̀ ìjọ kéékèèké ni ó máa ń wí pé nígbà tí owó bá wọlé ni àwọn yóò tó máa gba àlejò, tí àwọn yóò sì máa bọ́ aláìní. Nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan fún yín ní oṣù yìí, ẹni tí ó bọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìbàdàn nígbà tí òun tìkára rẹ̀ kò mọ ibi tí oúnjẹ ọ̀la yóò ti wá.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1827 ni a bí Anna Martin ní Hempnall, ní ẹkùn Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, ó lọ sí Lowestoft, ìlú kan létí òkun, láti gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. Lẹ́yìn náà, Àlùfáà Francis Cunningham, tí ń ṣe olùṣọ́ ìjọ ìlú náà, àti aya rẹ̀ gbà á sí ilé wọn bí ọmọ. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ tálákà jọ ní ọjọ́ ìsinmi láti kọ́ wọn. Mẹ́fà péré ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àkísà ni ó sì wà lára wọn. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n ju igba lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, Àlùfáà David Hinderer gbé e níyàwó. Ará Jámánì ni ọkùnrin yìí, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S. ni, ó sì ti kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní ọdún 1851. Ní ọdún 1853 àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì wọ Ìbàdàn ní oṣù kẹrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Abẹ́òkúta kan, Dáníẹ́lì Olúbí, bá wọn wá.

Ní Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí, wọ́n sì kọ́ ilé àti ilé ìsìn síbẹ̀. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òbí pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. Síbẹ̀ Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, fún Ìyáàfin Hinderer láti tọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ìwé nìkan ni ó ń kọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ó ń rán aṣọ fún wọn, ó sì ń tọ́jú wọn bí ara wọn kò bá dá. Wọ́n ń pè é ní Ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kò bí ọmọ kankan fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá lọ gbèjà Ìjàyè, ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta sì dí pa. Owó àti ẹrù tí ó yẹ kí ó ti Èkó wá kò lè kọjá mọ́. Nígbà tí owó ẹyọ tán nílé, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run yìí bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun ìní wọn: aṣọ ìtẹ́bùsùn, àpótí, àti ìwọ̀nba aṣọ tí a ti gbàgbé sí ìsàlẹ̀ ẹrù. Ẹ̀wà tí a fi epo àti ata sí ni ó wá di oúnjẹ wọn. Ohun tí wọ́n rí nínú ọjà títà yìí ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ mìíràn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1862 Ìjàyè fọ́, a sì kó ẹrú púpọ̀ wọ Ìbàdàn, àtàgbà àtọmọdé. Ìyáàfin Hinderer kò lágbára láti dá ogun dúró, kò sì lè ra gbogbo ẹrú padà. Ṣùgbọ́n a ra ìwọ̀nba àwọn ọmọ kan padà, a sì mú wọn wá sí Kúdẹtì, ẹnu tí ń jẹun sì tún pọ̀ sí i nínú ilé tí oúnjẹ kò tó.

Ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú, nítorí òtítọ́ ni: àwọn ará Ìbàdàn náà kò jẹ́ kí ebi pa àwọn àlejò wọn kú. Àwọn kan yá wọn ní owó ẹyọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ilé tí ń fún ni ní oúnjẹ di ilé tí a ń fún, ojú kò sì tì í láti gbà.

Ní ọdún 1865 ara Ìyáàfin náà ti di ahẹrẹpẹ. Glover, tí ń ṣàkóso Èkó, rán Kápúténì Maxwell gba inú igbó wá, ó dé lóru, a sì fi àga àgbérù gbé Ìyá lọ sí Èkó. Ọkọ rẹ̀ dúró díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tún padà wá sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1869 wọ́n kúrò pátápátá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870, Anna Hinderer sùn nínú Olúwa ní Martham, ní Norfolk. Ọmọ ọdún 43 ni.

Nígbà tí wọ́n lọ, ìjọ kò túká. Olúbí, tí ó ti jẹ nínú àìní náà pẹ̀lú wọn, ni ó gba àkóso rẹ̀. A fi í jẹ díákónì ní ọdún 1871, ó sì sìn títí ó fi dàgbà. Ìjọ Kúdẹtì wà títí di òní.

Ẹ̀yin ará, bí a bá ní kí àká kún kí a tó ṣí ìlẹ̀kùn, a lè dúró títí láé. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìkòkò lónìí, kí ẹ bù ú fún ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá sì kan ìjọ yín láti gbà lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á. Kí Olúwa bùkún oúnjẹ gbogbo wa. Àmín.