CESARE LOMBROSO ÀTI OJÚ Ọ̀DARÀN

Bí a bá béèrè ohun tí ó ń sọ ènìyàn di ọ̀daràn, àwọn kan á ní àbímọ́ni ni, àwọn mìíràn á ní ìṣẹ́ ni, tàbí ẹgbẹ́ búburú. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí mú ti àkọ́kọ́, ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún wá ẹ̀rí rẹ̀ kiri.

Ìlú Verona ní ilẹ̀ Ítálì ni a ti bí Cesare Lombroso ní ọdún 1835. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì ṣe dókítà fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ó ń yẹ agbárí olè kan tí ó ti kú wò, ọmọ ìhà gúúsù Ítálì, ó rí kòtò kékeré kan nínú rẹ̀ níhà ẹ̀yìn, tí kì í sábà sí ní agbárí ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbà pé ìṣẹ̀dá ọ̀daràn padà sẹ́yìn sí ti ẹranko. Ní 1876 ó gbé èrò náà jáde nínú ìwé rẹ̀, L'uomo delinquente: a bí ìwà ọ̀daràn mọ́ àwọn kan, àgbọ̀n ńlá, etí gbàǹgbà àti apá gígùn sì ni àmì wọn. Òkìkí rẹ̀ kàn ká Yúróòpù, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Turin. Ṣùgbọ́n èrò yìí tún fi kún ẹ̀gàn tí àwọn ará gúúsù Ítálì ń jẹ lọ́wọ́ àwọn ará àríwá.

N kò ní kí á fi í ṣẹ̀sín. Ìwé tí Beccaria, ọmọ Ítálì bíi tirẹ̀, kọ ní 1764 dá lórí ẹ̀ṣẹ̀, òfin àti ìjìyà. Lombroso ni ó yí ojú àwọn ọ̀mọ̀wé sí ọ̀daràn fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó ń dàgbà sí i, òun náà gbà pé ìṣẹ́ àti ọtí wà lára okùnfà. Ó kú ní 1909.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní 1913 ni ìwé Charles Goring, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde. Ó ti wọn ara ẹlẹ́wọ̀n tí ó lé ní 3,000, ó sì fi wọ́n wé àwọn ọmọ ogun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bíi tiwa. Kò rí ojú kankan tí a lè pè ní ojú ọ̀daràn.

Ẹ jẹ́ kí á wo èdè wa: ẹni tí ó dá ọ̀ràn ni ọ̀daràn. Ohun tí ó ṣe ni orúkọ náà ń sọ, kò kan irú etí tí ó ní. Síbẹ̀, bí olè bá jà ládùúgbò, ẹni tí ó ní àpá lójú, tí aṣọ rẹ̀ sì ya, ni àwa náà kọ́kọ́ ń wò. Egungun Lombroso wà nínú mùsíọ́mù rẹ̀ ní Turin títí di òní. Èrò rẹ̀ ṣì ń rìn láàárín wa. Títí a ó fi rí ẹ̀rí ohun tí ẹnì kan ṣe, kò tọ́ kí á pè é ní ọ̀daràn.